Ta Ló Kọ́ Ọmọ Náà? Ìròyìn Akẹ́kọ̀ọ́ àti Olùkọ́ Nílé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba Èkó

Lọ́dún tí ìdíje kan bá wáyé, ọmọ ilé-ìwé girama kan ní Ìpínlẹ̀ Èkó a máa jẹ gómìnà fún ọjọ́ kan. Kò ná owó ìbò, kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ohun tó gbé e dé Alausa, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, ni pé ó mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sípẹ́lì ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọdún 2001 ni New Era Foundation, tí Olúrẹ̀mí Tinúbú dá sílẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe gómìnà, gbé ìdíje Spelling Bee kalẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ó sì ti di ohun tí àwọn ọmọ ń fojú sọ́nà fún láti ìgbà náà. Ẹni tó bá gbégbá orókè ló ń jẹ Gómìnà Ọlọ́jọ́ Kan. Yóò jókòó sípò, yóò ka ọ̀rọ̀ tó ti kọ sílẹ̀, yóò sọ ohun tó fẹ́ kí ìjọba ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé bíi tirẹ̀. Àwọn àgbààgbà á pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ á ṣú, gómìnà gidi á gba àga rẹ̀ padà.

Àmọ́ ìdíje ọ̀hún kì í bẹ̀rẹ̀ ní Alausa. Inú kíláàsì ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbé kámẹ́rà wá. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì á ní kí ẹni tó bá dá ara rẹ̀ lójú bọ́ síwájú. Ọ̀pọ̀ á jáde, ẹ̀rín á pọ̀, nígbà tó bá yá á ku ọmọ méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn yìí ni tíṣà á máa dá dúró lẹ́yìn tí agogo ilé-lílọ bá ti lù. Díkíṣọ́nárì tirẹ̀ ni wọ́n ń lò, torí pé èyí tó wà ní láíbìrì ti já ní ewé láti A dé D. Bí ọmọ bá ń sípẹ́lì "rhythm", tó sì gbàgbé h kan, tíṣà kò ní sọ̀rọ̀. Á kàn na ìka méjì sókè, ọmọ á dúró, á padà sẹ́yìn, á mú h kejì wá láti ibi tó ti já bọ́. Láti ilé-ìwé wọ́n á lọ sí sóònù, láti sóònù sí dísítírìkì, láti dísítírìkì sí àṣekágbá.

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá wá borí, ẹ wo fọ́tò tó máa jáde nínú ìwé ìròyìn. Ọmọ wà láàárín, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì ńlá tí wọ́n fi páálí ṣe. Gómìnà tàbí aṣojú rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, kọmíṣọ́nnà lápá òsì, òbí pẹ̀lú gèlè tí wọ́n wé lẹ́ẹ̀mejì kó tó gún. Bí ẹ bá rí ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀yìn ló máa wà, ìdajì ojú rẹ̀ ló máa hàn. Tíṣà oníka méjì yẹn ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ń di àpò ọmọ mú níta.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Àṣeyọrí ọmọ ilé-ìwé àti ìròyìn òṣìṣẹ́ ilé-ìwé kì í ṣe ìròyìn méjì. Ìkan ṣoṣo ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwa akọ̀ròyìn ti yà wọ́n: ti ọmọ ń lọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ti tíṣà ń lọ sórí pátákó ìkéde nínú ọ́fíìsì, níbi tó jẹ́ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nìkan ló ń kà á.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe to ilé náà. Èkó pín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba rẹ̀ sí ẹkùn ẹ̀kọ́ mẹ́fà, èyí tí gbogbo tíṣà ń pè ní dísítírìkì. Dísítírìkì Kìn-ín-ní wà ní Agége, òun ló ń bójú tó Agége, Àlímọ̀ṣọ́ àti Ìfàkọ̀-Ìjàyè. Ìkejì wà ní Maryland fún Ṣómólú, Kòsọ́fẹ́ àti Ìkòròdú. Ìkẹta wà ní Falomo, ìkẹrin ní Sábó Yaba, ìkarùn-ún ní Àgbójú, ìkẹfà ní Òṣòdì. Olórí dísítírìkì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní Tutor-General, òun náà sì tún jẹ́ Akọ̀wé Àgbà ìjọba. TG ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn tíṣà. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé "TG ń bọ̀ o," ẹ máa rí i pé gbogbo igbálẹ̀ ilé-ìwé á jáde, tíṣà tí kò wọ kíláàsì láti àárọ̀ á wọlé, ṣọ́ọ̀kì á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá wo máàpù á rò pé dísítírìkì jọra wọn. Wọn kò jọra rárá. Ìkẹta bẹ̀rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ó gba Ẹ̀tì-Ọ̀sà kọjá, ó gba Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, ó dé Ẹ̀pẹ́. Ìkarùn-ún bẹ̀rẹ̀ láti Ajégúnlẹ̀, ó ń lọ títí dé Àgbádárìgì, ìlú tí ilé-ìwé ìgbàlódé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1843, tí kò sì jìnnà sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀ lè máa sọ Ègùn nílé, Yorùbá lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, kó sì máa gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn awakọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé "ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Èkó," mo máa ń bi í pé èwo nínú wọn? Ti Ìkẹjà tí bọ́ọ̀sì ń dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àbí ti etí ọ̀sà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni tíṣà ń wọ̀?

Ìdí nìyí tí lẹ́tà ìṣípòpadà, èyí tí wọ́n ń pè ní tìráńsífà, fi jẹ́ ìròyìn tó tóbi jù lọ nínú ayé tíṣà. Ó máa ń dé láìròtẹ́lẹ̀, ní ìparí táàmù tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Igbákejì ọ̀gá á ránṣẹ́ pè é.

"Ìyáàfin, lẹ́tà yín ti dé o."

"Ibo ni wọ́n gbé mi lọ, Sà?"

"Inú dísítírìkì wa náà ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ Sà, ibo nínú dísítírìkì wa?"

"Ẹ̀pẹ́ ni."

Ìyáàfin tó ń gbé Ọbalendé, tí ọmọ rẹ̀ kékeré wà ní nọ́sìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, á dákẹ́. Lórí ìwé, wọn kò tíì mú un kúrò ní dísítírìkì rẹ̀. Lójú títì, ó ti di ẹni tó ń jí kí àkùkọ tó kọ. Ó lè fara dà á fún táàmù kan, kó máa wá ọ̀nà àtipadà ní táàmù kejì. Ọmọ SS2 tó fi sílẹ̀ ní Ọbalendé, tó ti ń bá a kọ́ Kẹ́mísìrì bọ̀ láti SS1, kò rí lẹ́tà kankan gbà. Ọmọ náà kàn dé kíláàsì ní ọjọ́ Ajé ni, kò rí ẹnikẹ́ni.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣí tíṣà nípò. Bí wọn kò bá ṣí wọn, gbogbo wọn ni yóò kóra jọ sí Ìkẹjà àti Súrùlérè, kò sì ní sí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìròyìn ọmọ ni ìròyìn yẹn, ó sì yẹ kí òbí gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ti owó aṣọ ilé-ìwé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ WAEC, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣejáde girama, tó jẹ́ pé èsì rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń wọn ilé-ìwé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, àjọ náà kéde pé ọmọ 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí kírẹ́dìtì márùn-ún gbà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, 72.12 ni. Ariwo sọ. Lórí rédíò, lórí Facebook, nínú ọkọ̀ dáńfó, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ọmọ ayé òde òní kò kàwé mọ́, fóònù ló ń pa wọ́n, tíṣà ìjọba kò ṣiṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, WAEC fúnra rẹ̀ jáde pé àṣìṣe wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà máàkì. Wọ́n ti da ìbéèrè rú láti fi dènà jíjí ìwé wò nínú Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Bàyọ́lọ́jì àti Ẹkonọ́míìsì, ìdáhùn tí kì í ṣe ti ìwé ìbéèrè yẹn ni wọ́n sì fi máàkì ti àwọn kan. Wọ́n ṣe àtúnṣe, iye náà gòkè dé 62.96. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ti sọkún, tí àwọn òbí ti fi bú wọn, ló jẹ́ pé wọ́n ti yege láti ọjọ́ yìí wá. Nínú gbogbo àwọn tó pe rédíò láti bú wọn, mi ò gbọ́ kí ẹnì kan padà pè láti tọrọ àforíjì.

Èkó tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń san owó WAEC fún ọmọ SS3 ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Fún ìdánwò ọdún 2024, kọmíṣọ́nnà fún ètò ẹ̀kọ́, Jamiu Alli-Balogun, ṣàlàyé pé ìjọba ná ju bílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà lọ lórí ọmọ 58,188, pé 54.3 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì rí kírẹ́dìtì márùn-ún náà gbà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ló gbé e, bíi pé owó ti ṣòfò. Bóyá ó ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo retí pé kí akọ̀ròyìn kan bi kọmíṣọ́nnà kò jáde. Nínú àwọn ọmọ tó ṣubú, mélòó ló ní tíṣà Ìṣirò kan náà láti SS1 dé SS3? Mélòó ló lo odidi táàmù láìní tíṣà Físíìsì rárá? Ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ tó wà ní ọ́fíìsì dísítírìkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló lè dá wa lóhùn, kò sì sí ẹni tó lọ ṣí i.

Físíìsì ni mo sọ yẹn. Ẹni tó bá mọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba dáadáa mọ̀ pé ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Tíṣà Yorùbá wà, tíṣà Ẹ̀kọ́ Ìjọba wà, ti Bàyọ́lọ́jì kì í ṣòro wá. Ti Físíìsì àti ti Ìṣirò Gíga, agùnbánirọ̀, ìyẹn kópà, ló sábà máa ń dí àyè wọn. Láti ọdún 1973 tí wọ́n ti dá NYSC sílẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ yìí ti ń gbé ilé-ìwé wa ró, ẹni tó bá sì bú wọn kò mọ oore. Kópà tó jáde ní ẹ̀ka ẹnjinníà á dé pẹ̀lú aṣọ káákì àti fìlà rẹ̀, á kọ́ àwọn ọmọ nípa ìgbì iná àti ìṣísẹ̀ ohun gbogbo, àwọn ọmọ á fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún rẹ̀ á pé. Á kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò Ghana-Must-Go, á ya fọ́tò pẹ̀lú SS2, á lọ. Bí wọn kò bá rí kópà míì gbé wá kíákíá, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ á dá owó jọ láti fi gba ẹnì kan tí àwọn tíṣà ń pè ní tíṣà PTA. Owó tí wọ́n ń san fún un kò ṣeé sọ jáde. Síbẹ̀ òun náà wà lára òṣìṣẹ́. Bó bá dé, ìròyìn ni. Bó bá rí iṣẹ́ míì tó sì fi ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ láìdágbére, ìròyìn ni pẹ̀lú.

Láyé àtijọ́, dídé tíṣà sí ìlú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pátákó. Ìlú ló ń gbà á. Wọ́n á wá ilé fún un, wọ́n á gbé iṣu ránṣẹ́ sí i, ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ ìwà á lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Israel Ransome-Kuti lọ ṣe ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School ní ọdún 1932, gbogbo Ẹ̀gbá ló mọ ẹni tó dé, kì í sì í ṣe torí ariwo. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, lóṣù Keje 1931, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, sílẹ̀ ní Èkó, òun ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìran olùkọ́ yẹn kò gbà kí ẹnikẹ́ni ka iṣẹ́ wọn sí ohun tí èèyàn ń ṣe nígbà tí kò rí òmíràn. Kódà kí wọ́n tó dé, lọ́dún 1859 tí Thomas Babington Macaulay ṣí CMS Grammar School, ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, kò sí ilé ńlá, kò sí láàbù. Ohun tí àwọn òbí ń sọ fún ara wọn ni orúkọ ẹni tó ń kọ́ni níbẹ̀.

Kí ló wá yí padà? Iye ọmọ ló kọ́kọ́ yí padà, kò sì burú pé ó yí padà. Awólọ́wọ̀ ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955. Nígbà tó di ọdún 1979, Lateef Jákàńdè, tí òun náà jẹ́ akọ̀ròyìn kó tó di gómìnà, sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní Èkó, ó fòpin sí kí àwọn ọmọ kan máa wá láàárọ̀ kí àwọn kan máa wá lọ́sàn-án, ó sì kọ́ kíláàsì lọ rẹpẹtẹ. Àwọn alátakò rẹ̀ pè wọ́n ní ilé adìyẹ. Àwọn ọmọ tó kàwé nínú ilé adìyẹ yẹn ti di dókítà àti agbẹjọ́rò, àwọn kan nínú wọn ló sì ń bú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lónìí. Ṣùgbọ́n bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tíṣà ń rì. Tíṣà di ẹni tó ní nọ́ńbà nínú fáìlì. Ilé-ìwé kan náà tún pín sí jọ́níọ̀ àti sínníọ̀, ọ̀gá méjì nínú ọgbà kan, tí wọ́n jọ ń lo pápá kan ṣoṣo, tí òbí kò sì mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kí òun lọ.

Ó yẹ kí n sọ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni tíṣà ń rì. Ní ọdún 2009, Báǹkì Àgbáyé yá Èkó ní mílíọ̀nù 95 dọ́là fún ètò tí wọ́n ń pè ní Eko Project. Nígbà tí ètò náà ń lọ lọ́wọ́, wọ́n máa ń fún ilé-ìwé girama ìjọba lówó tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ máa pinnu bí yóò ṣe ná an, wọ́n sì máa ń fún ilé-ìwé tó bá tẹ̀ síwájú jù lọ ní ẹ̀bùn. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó tẹ̀ síwájú ni wọ́n wò, kì í ṣe ẹni tó ti wà níwájú tẹ́lẹ̀. Ilé-ìwé tí èsì rẹ̀ burú lọ́dún kan, tí ọ̀gá tuntun wá dé síbẹ̀ tó sì fi tipátipá gbé e sókè, ó ní ohun tó lè retí nígbà náà.

Ẹ̀bùn míì wà tó tọ tíṣà fúnra rẹ̀ lọ. Láti ọdún 2015 ni Nigerian Breweries ti ń ṣe Maltina Teacher of the Year fún olùkọ́ girama káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá borí ń gba owó, èyí dára; ṣùgbọ́n wọ́n tún ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà sí ilé-ìwé rẹ̀, èyí dára jù. Ẹni tó kọ́ni dáadáa ló fa ilé wá, bẹ́ẹ̀ ohun tí a ti mọ́ra ni pé kí a kọ́ ilé ná, ká wá máa wá ẹni tí yóò kọ́ni nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìròyìn olùkọ́ tó dùn mọ́ mi jù lọ kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ọmọ Yorùbá ló ni ín, àmọ́ Abuja ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọlásúnkànmí Ọpẹ́ifá ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Government Day Secondary School ní Kárù. Ilé-ìwé ìjọba ni, ọmọ ń lọ ń bọ̀ láti ilé, kì í ṣe ibi tí olówó ń gbé ọmọ lọ. Ní ọdún 2020, ó wọ inú olùkọ́ mẹ́wàá tó kù sí àṣekágbá ẹ̀bùn olùkọ́ tó lórúkọ jù lágbàáyé, Global Teacher Prize, tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà wọ́n kéde pé Ranjitsinh Disale láti Íńdíà ló gbà á. Ọkùnrin yìí kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tó fi ní òun yóò pín ìdajì owó náà fún àwọn mẹ́sàn-án tó kù. Báyìí ni ẹgbẹ̀rún 55 dọ́là ṣe kan Ọpẹ́ifá. Mo fẹ́ kí òǹkàwé ro ó wò: tíṣà abúlé kan ní Íńdíà fún tíṣà Nàìjíríà kan lówó, torí pé ó gbà pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Wọ́n máa ń sọ fún wa láti kékeré pé èrè tíṣà ń bẹ lọ́run. Lọ́jọ́ yẹn ó gba Íńdíà kọjá.

Ìfẹ̀yìntì ni ìròyìn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, òun ló sì máa yí ilé-ẹ̀kọ́ wa padà jù lọ ní ọdún díẹ̀ sí i. Tẹ́lẹ̀, tíṣà a máa fẹ̀yìn tì bó bá pé ọgọ́ta ọdún tàbí bó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùndínlógójì. Lọ́jọ́ àwọn olùkọ́ lágbàáyé, 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun yóò sún un síwájú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, fọwọ́ sí òfin tó sọ ọ́ di ọdún 65 àti ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbà á wọlé ní àkókò tirẹ̀. Ẹ bi òṣìṣẹ́ méjì nínú yàrá olùkọ́ kan náà nípa òfin yìí, ẹ máa gbọ́ ìdáhùn méjì. Ìyá àgbà tó ń kọ́ Ìṣirò, tí ara rẹ̀ ṣì le, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣì máa ṣe é. Igbákejì ọ̀gá tó ti ń dúró de ipò fún ọdún pípẹ́ á fajú ro, torí pé bí ọ̀gá kò bá lọ, òun kò lè di ọ̀gá. Bí òun kò bá di ọ̀gá, ẹni tó wà lábẹ́ òun kò lè di igbákejì. Títí dé orí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní lẹ́fẹ́lì 8. Àwọn méjèèjì ló ní ẹjọ́ tòótọ́. Tèmi ni pé ibi tí tíṣà Físíìsì ti ṣọ̀wọ́n, kò sí ìdí tí a ó fi máa lé èyí tó mọ̀ ọ́n jù lọ sílé nítorí ọjọ́ orí, bí òun bá ṣì fẹ́. Ibi tí tíṣà ti pọ̀ jù, kí àgbà fi àyè sílẹ̀ fún ọmọdé.

Àpèjẹ ìdágbére, send-forth gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é, ni ayẹyẹ kan tí orúkọ tíṣà fi ń dún ketekete. Wọ́n á gbé àga sí abẹ́ kánópì nínú ọgbà ilé-ìwé. Àwọn tíṣà á ti ra ankara kan náà, wọ́n á ti bínú sí ara wọn nítorí owó rẹ̀, wọ́n á sì ti parí ìjà. Ìrẹsì á wá, mọ́ínmọ́ín á wá, àwọn ọmọ á jó. Akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀ kan tó ti dàgbà á gba makirofóònù: "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ rántí mi? Èmi ni ẹ nà nítorí mi ò lè kọ́ tébù mẹ́sàn-án." Màmá á rẹ́rìn-ín, kò rántí. Ó ti na ọ̀pọ̀lọpọ̀. Lẹ́yìn àpèjẹ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ rìn, títí LASPEC, àjọ tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì ní Èkó, á fi pè é sí ọjọ́ tí wọ́n ń fún àwọn èèyàn ní ìwé ẹ̀rí owó wọn. Ó dára pé wọ́n ń ṣe èyí ní gbangba. Síbẹ̀ ohun tó yẹ kí ilé-ìwé béèrè kí ọjọ́ ìdágbére tó dé ni ẹni tí yóò gba kíláàsì Màmá lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Ìyẹn kì í sí nínú ètò ọjọ́ náà.

Nítorí náà, òbí tó bá ka àpilẹ̀kọ yìí, ìpàdé PTA ń bọ̀. Wọ́n máa sọ̀rọ̀ nípa ọgbà tó yẹ kí wọ́n mọ, nípa gèétì, nípa aṣọ eré ìdárayá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dìde, kí ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ẹ̀kọ́ wo ni kò ní tíṣà nísinsìnyí, láti ìgbà wo, ta ló sì ń fẹ̀yìn tì kí sáà yìí tó parí. Bó bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ òbí sí i, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì TG yín, ní Agége, Maryland, Falomo, Yaba, Àgbójú tàbí Òṣòdì, kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.